Ọ̀wọ́ngógó Ebi ní Orlando

Ìyá mi ti Amẹ́ríkà dé ní ìparí oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n ní kí n wá bá àwọn tú ẹrù. Mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti mọ ohun tí mo máa bá nínú ẹrù náà: ọṣẹ, ìpara, fítámì, àti bàtà tí kò ní bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu nínú ẹbí. Báàgì àkọ́kọ́ kò já mi kulẹ̀. Mo fa síìpù ìkejì, orí eku ló kún inú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Orí eku Mickey ni: ìrẹsì yíyan tí wọ́n fi súgà lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n gé ní etí méjì rìbìtì, tí wọ́n ti etí náà bọ inú ṣọ́kọ́léètì, tí wọ́n wá dì í sínú ọ̀rá. Mo kà wọ́n, mẹ́rìnlá. Ooru Ìjẹ̀bú-Òde ti mú àwọn etí náà, ó ti ń fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àgbọ̀n.

"Màmá, ta lẹ ra gbogbo èyí fún?"

"Èmi kọ́ ni mo rà á," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Kò sẹ́ni tó rà á. Kírẹ́díìtì ni."

Màmá kì í jẹ ohun dídùn. Dókítà ti lé súgà kúrò nílé wọn, kò sì tíì padà wọlé láti ìgbà náà. Síbẹ̀ wọ́n gbé orí eku mẹ́rìnlá la òkun já, nítorí pé ẹnì kan ti san owó rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣòfò. Wọ́n fà mí jókòó, wọ́n ròyìn Orlando fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, inú sì ti bí mi.

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Maryland. Wọ́n bí obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì bí ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, wọ́n ní kí Màmá bá àwọn lọ sí Walt Disney World nítòsí Orlando ní Florida, ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, tó ti di ọgbà mẹ́rin báyìí, tó ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ àti bọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn lè sanwó oúnjẹ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé. Àrùn kòrónà dá ètò ìsanwósílẹ̀ náà dúró lọ́dún 2020. Ó padà wá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn èèyàn sì gbà á tijó tayọ̀.

Oríṣi méjì ni. Èyí tó tóbi ni àna mi rà. Lọ́dún 2024, 94 dọ́là àti sẹ́ǹtì 28 ni fún àgbàlagbà ní òru kan, 29 dọ́là àti sẹ́ǹtì 69 fún ọmọdé. Owó yìí ra oúnjẹ àjókòójẹ kan, níbi tí wọ́n ti ń gbé abọ́ wá bá èèyàn lórí tábìlì. Ó ra oúnjẹ kejì tí èèyàn á tò lórí ìlà kó tó gbà á. Ó ra ìpápánu kan. Ó tún ra ife oníke kan tí èèyàn á máa fi bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní hòtẹ́ẹ̀lì títí tó fi máa lọ. Ní hòtẹ́ẹ̀lì nìkan o, kì í ṣe nínú ọgbà tí oòrùn ti ń pa á. Yàtọ̀ sí ife, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí orúkọ yẹn díẹ̀. Nílé tiwa, a mọ kírẹ́díìtì. Òun ni ìyá olóúnjẹ ń kọ sára pákó lókè ìkòkò ọbẹ̀ pé kò sí lónìí, ká padà wá lọ́la. Àwìn ni pé o ti jẹun, o kò tíì sanwó. Ìyá olóúnjẹ ni kò ní rí oorun sùn. Ní Orlando, o ti sanwó, o kò tíì jẹun. Ìwọ ni o kò ní rí oorun sùn. Orúkọ kan náà ni òyìnbó fún méjèèjì, kò sì tijú.

Nínú ìwé ètò náà, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àgbà ni. Mo mọ ilé tí ọmọ ogójì ọdún kò tíì di àgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti pé ọdún mẹ́ta, tó bá àwọn tó ra ètò náà wọ yàrá, dandan ni kí òun náà wà nínú rẹ̀. Kò sí pé Màmá kì í jẹun púpọ̀, ẹ yọ Màmá sílẹ̀. Bó ṣe di pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lè fi fọ́ọ̀kì lé ẹyọ màkàróònì kan kiri abọ́ fún ìdajì wákàtí, àti ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, jọ di àgbà tó ń jẹun 94 dọ́là lóòjọ́ nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ oúnjẹ jẹ nínú ìdílé yẹn ni ọmọ ọdún méjì. Òun kò san kọ́bọ̀. Inú abọ́ àwọn òbí rẹ̀ ló ti ń jẹ, mo sì gbọ́ pé ó gbìyànjú.

Àgbà mẹ́rin, òru márùn-ún: 1,885 dọ́là àti sẹ́ǹtì 60.

Àna mi kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Kó tó sanwó, ó ṣí Excel, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ṣírò bóyá ètò náà tó owó rẹ̀ tàbí kò tó o. Àbúrò mi fi àwòrán ìṣirò náà ránṣẹ́ sí mi: ibi kan pupa, ibi kan aláwọ̀ ewé, bí aṣọ ẹgbẹ́ ní òde ìnáwó. Kò ṣòro, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ká fún oúnjẹ orí ìlà ní 20 dọ́là, ká má ṣahun. Ká fún ìpápánu ní méje. Ife náà lé díẹ̀ ní 20 dọ́là bí èèyàn bá rà á lọ́tọ̀. Bá a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ká pè é ní mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 31. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 94, ó ku 63. Ìyẹn ni pé àgbà kọ̀ọ̀kan ní láti jókòó lójoojúmọ́ ti Ọlọ́run dá, kó jẹ oúnjẹ tí kò dín ní 63 dọ́là, kí ọ̀rọ̀ tó dọ́gba. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó ń lọ síbi oúnjẹ àjẹtẹ́rùn tí Mickey àti Minnie ti ń wá kí àwọn ọmọ nídìí tábìlì, tó tún ń mu ọtí tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún, onítọ̀hún lè jèrè.

Excel sọ gbogbo èyí fún àna mi, Excel kò sì purọ́. Ó ní ìdílé díákónì tí kì í fẹnu kan ọtí, tó ní Màmá tó ń sá fún súgà, tó ní ọmọbìnrin tó ń lé màkàróònì kiri, kò lè jẹ owó yẹn tán láéláé. Ṣé ẹ rò pé ó pa ètò náà tì? Rárá o. Ó ní ìṣirò ti dáa, ikùn ni kó tún ara rẹ̀ ṣe.

Ibi tí Màmá ròyìn dé nìyí tí òwe kan fi sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tó bá ti rí oúnjẹ jẹ, apá rẹ̀ á ká ìyókù. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì rò pé mo máa rí ibi tí wọ́n ti sanwó pé kí ebi kúrò, tí ebi kúrò lóòótọ́, tó sì jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ wà ní Orlando. Owó rẹ̀ ti wọlé. Ohun tí kò sí ni ebi. Ebi wọ́n bí epo bẹntiróòlù nínú oṣù Kejìlá, bí èèyàn bá sì rí díẹ̀, ńṣe ló yẹ kó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì pa mọ́. Àna mi ń wá a kiri. Ó ń mú ìdílé rẹ̀ yí ọgbà ká nínú oòrùn oṣù Keje, kì í ṣe nítorí ìran, nítorí kí oúnjẹ àárọ̀ lè dà ni. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, á ní ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Aago mọ́kànlá àárọ̀ á lù, á wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bíi nọ́ọ̀sì tó ń wo ibà: "Ebi ń pa yín?" Ọmọbìnrin rẹ̀ á ní rárá. Ojú bàbá rẹ̀ á fà ro.

Ọjọ́ kejì ni Màmá dẹ́ṣẹ̀. Wọ́n jókòó síbi òjìji kan ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin náà, wọ́n tú ọ̀rá chin-chin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dín ní Maryland, èyí tí kò ní súgà rárá. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò lẹ́nu ọ̀nà nítorí oúnjẹ. Àwọn Disney gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí ìgò àti ọtí líle nínú rẹ̀. Màmá ju ẹyọ méjì sẹ́nu. Àna mi sáré dé bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́! Aago kan la máa jẹun!"

"Ṣebí chin-chin ni."

"Á yó yín, Màmá. Ẹ ò ní lè jẹ tibẹ̀ mọ́."

Ẹ tún un kà. Ọmọ Yorùbá, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún obìnrin yìí lọ́jọ́ ìdána, ló dúró níwájú wọn nílẹ̀ àjèjì, tó ń bẹ̀ wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má yó. Màmá dì ọ̀rá náà padà. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ló ṣe àwọn láàánú.

Nílé oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin ní màkàróònì òun ni òun fẹ́. Bàbá rẹ̀ ní oúnjẹ ọmọdé nìyẹn, ìwọ ti di àgbà, mú ẹran. Wọ́n gbé ẹran màlúù kan wá tó fẹ̀ tó ìwé orin ìjọ. Àgbà náà gé e lẹ́ẹ̀mejì, ó wo bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọmọ ọdún méjì ló dìde lórí ìjókòó rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ní ti ọtí, àna mi yẹ ìwé wò fínnífínní, ó yan èyí tí owó rẹ̀ ga jù, ó sì sọ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ ọtí inú rẹ̀ kúrò. Omi ọsàn ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú ewé lórí. Ó mu ún tán. Ó sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ ní iye ọtí, kí Excel lè dùn.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí àbúrò mi kò fi dá sí i. Wọ́n ní àbúrò mi ń jẹun ni. Òun ló ń bá Màmá jẹ apá tiwọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n lọ sí Boma ní Animal Kingdom Lodge, hòtẹ́ẹ̀lì tí èèyàn ti ń rí àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà níbi tí wọ́n ti ń jẹko. Ọ̀rọ̀ Swahili ni orúkọ náà, ọgbà tí wọ́n ń sé ẹran ọ̀sìn mọ́ ló ń jẹ́. Oúnjẹ tó fara jọ ti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀, àjẹtẹ́rùn. Àna mi gbọ́kàn lé ibẹ̀ gan-an. Ó ní níbẹ̀ ni Màmá á ti jẹ gbèsè gbogbo ọjọ́ mẹ́ta padà. Màmá káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n yí ìtẹ́ oúnjẹ ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń yọjú wo ìsọ̀ lọ́jà Òkè-Àjẹ, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ṣíbí mẹ́ta àti búrẹ́dì fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Oúnjẹ náà dùn, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ aago mẹ́jọ ti lù.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìwé kékeré kan máa ń dé. Owó ẹ̀bùn fún ẹni tó gbé oúnjẹ kò sí nínú ètò náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá mọ ìwà hù á fi 18 tàbí 20 sílẹ̀ lórí 100. Àna mi mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kun ibẹ̀ ní pupa. Ṣùgbọ́n mímọ̀ lọ́tọ̀, kí èèyàn máa yọ 50 dọ́là lójúmọ́ lórí oúnjẹ tó ti fi inú rẹ̀ pe ní ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, Màmá rí i níwájú ilé ìwẹ̀ tó ń fọwọ́ pa ikùn, tó ń sọ iye kan fún ara rẹ̀.

Eku ilé ni wọ́n ní bó bá ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí onítọ̀hún má bàa jí. Bẹ́ẹ̀ ni ìsanwósílẹ̀ rí. Oṣù Kẹrin ló ti gé àna mi jẹ, ní Maryland. Atẹ́gùn nìkan ló ń gbọ́ ní Orlando. Ilé iṣẹ́ Disney ti mọ èèyàn tipẹ́. Lọ́dún 1955 tí wọ́n ṣí Disneyland ní California, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì ìran ní ìdìpọ̀, A, B, C, tó yá D dé, E sì dé lọ́dún 1959. Ìran tó dùn jù ni E. A sì lè jẹ́ ẹṣin onígi tó ń yí po lójú kan. Kíá ni E máa ń tán. Títí wọ́n fi pa ètò náà rẹ́ lọ́dún 1982, A àti B ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ìran tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wò. N kò bú Disney. Gbogbo òfin ètò oúnjẹ yìí ni wọ́n kọ síta, láti orí ọmọ ọdún mẹ́wàá dé orí owó ẹ̀bùn. Àwa là ń jẹ eku láyé àtijọ́. Èyí tó ń jẹ wá yìí, àwa fúnra wa la wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a.

Kírẹ́díìtì tí èèyàn kò bá ná, á kú láago méjìlá òru ọjọ́ tó bá kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ogún ìpápánu ni wọ́n ní. Mẹ́fà péré ni inú wọn gbà ní ọjọ́ mẹ́fà. Bọ́ọ̀sì pápá ọkọ̀ òfuurufú ti ń bọ̀. Àna mi wọ ṣọ́ọ̀bù hòtẹ́ẹ̀lì, ó na ọwọ́ sí orí eku lórí pẹpẹ, ó ń kó, ó ń kà. Oúnjẹ orí ìlà mẹ́ta ṣẹ́ kù tí kò ṣeé dì sínú báàgì. Wọ́n kú lóru ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo ìdílé ti sùn lọ ní Maryland.

Mo pe àna mi lórí fóònù láti bú u. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," ló wí. "Lọ́dún tó kọjá, a mú Màmá lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan lásán. Wọ́n wo iye tó wà nínú ìwé, wọ́n sọ ọ́ di náírà lọ́kàn wọn, wọ́n ní ebi kò pa àwọn. Omi ni wọ́n mu títí a fi jẹun tán. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, Màmá kò ní rí iye kankan."

Ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ tú ká mọ́ mi lẹ́nu. Òmùgọ̀ ni, n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún yan ọkọ fún àbúrò mi, òun náà ni mo máa mú.

Màmá rí iye náà ṣá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kà á fún wọn nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kìíní. Dọ́là kan wà ní bíi 1,500 náírà nígbà yẹn. Oúnjẹ ẹnì kan fún ọjọ́ kan lé ní 141,000 náírà. Ọ̀sẹ̀ tí Màmá padà dé gan-an ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó oṣù tuntun fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù, 70,000 náírà. Màmá gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n sì ṣe ìṣirò tiwọn láìsí Excel. "Oṣù méjì," ni wọ́n sọ fún mi, wọ́n ń wo àwọn orí eku náà. "Mo jẹ owó oṣù méjì ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. N kò sì yó ju bí mo ṣe máa ń yó lọ."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kóun ra ètò náà tàbí kóun má rà á, ohun tí mo máa sọ ni pé kó kọ́kọ́ wo àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, kó tó wo Excel. Bí wọ́n bá ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n jókòó pẹ́ nídìí tábìlì, tí àwọn ọmọ kò tíì pé mẹ́wàá, kó rà á. Bí wọ́n bá dà bí àwọn tiwa, kí wọ́n ra oúnjẹ nígbà tí ebi bá pa wọ́n. Omi tútù ọ̀fẹ́ ni níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ orí ìlà. Èèyàn kàn máa béèrè ni. Chin-chin ń wọlé.

Màmá gbé ife tiwọn bọ̀ wálé. Gàrí ni wọ́n fi ń wọ̀n. Orí eku ṣì ku mọ́kànlá, ẹni tó bá ń gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ́sẹ̀ yìí, kó yà sílé wa kó wá mú ọ̀kan. Kó má bẹ̀rù owó, wọ́n ti san án.